Jàríátù, A Ti Lu Ilẹ̀ Ilé Ìgbẹ̀bí Náà Tán

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022, ọkọ̀ akẹ́rù kan pa ọ́ ní ọ̀nà Tchamba. Ọdún mẹ́ta rèé, Jàríátù.

Ní Sokodé, “consultante” ni wọ́n ń pè ọ́, ẹni tí ọ́fíìsì ń san owó fún kó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ní Kambolé, ìlú wa, a kò rí orúkọ fún iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ kàn ń sọ pé olùkọ́ ni ọmọ òun. O kì í pe ìpàdé. Ibi tí àwọn obìnrin bá ti ń fi igi lu ilẹ̀ ilé tuntun kó lè le, ibẹ̀ ni o ti máa ń bá wọn lù ú, tí o sì máa ń dá orin fún wọn. Ohun tó ń dùn wọ́n a jáde nínú orin wọn: omi, ọ̀nà, aboyún tó kú sórí alùpùpù. Ìwọ a gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ ní Sokodé. Orin ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí Kambolé.

Ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹ lù kí ikú tó dé. O mọ àṣà wọn: bí ẹni tó ń dá orin bá kú, ẹnikẹ́ni kì í dá a mọ́ títí ilé olóògbé yóò fi yọ̀ǹda. Wọ́n kó igi wọn, wọ́n lọ.

Lọ́dún yẹn, àwọn ará ọ́fíìsì rẹ gbé ṣúgà wá láti fi bẹ bàbá rẹ. Wọ́n fẹ́ gba orin náà fún ayẹyẹ wọn ní Sokodé. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa dá a. Bàbá rẹ ní, “Ẹ kò wá sin ín. Kí lẹ fẹ́ fi orin rẹ̀ ṣe?” Wọ́n gbé ṣúgà wọn lọ. Àmì ọ́fíìsì wọn ló wà lára ògiri ilé ìgbẹ̀bí náà. Orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀.

Àwọn aboyún ṣì ń gun alùpùpù lọ sí Tchamba. Nígbà tí ọ̀kan bímọ sójú ọ̀nà, Kàrímọ́tù ọ̀rẹ́ rẹ wá kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe ọ́fíìsì ló ń bẹ̀ yín. Àwa tí a jọ ń lu ilẹ̀ ni.” Bàbá rẹ ní kí Àmínátù, ọmọ rẹ, dá orin náà.

Ọmọ rẹ ti ga jù ọ́ lọ báyìí. Ó dá orin náà, wọ́n gbè é, ilẹ̀ náà pé. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn rẹ. Bàbá rẹ dúró lẹ́yìn ògiri títí wọ́n fi parí. Wọ́n ti ń bímọ níbẹ̀. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́ nínú àwọn ọmọ náà.

Wọ́n ní kí a gba kádàrá. A gbà á. Ó ṣì korò. Àárò rẹ ṣì ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ kò kúrò lọ́kàn wa.

Ohun tí o fi sílẹ̀ nìyí: Àmínátù; ìyá rẹ, tí kì í gba ọ̀nà Tchamba mọ́; ife tíì rẹ; ìbòrí aláwọ̀ ewé kan, tí a kò lè fi ṣe sàráà; àti bàbá arúgbó kan, ẹni tó yẹ kí o sin.