Awọ Ẹtu Inú Ìbọn Òyìnbó

Bàbá mi,

Mo kọ “ọ̀wọ́n” sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, mo sì pa á rẹ́. Inú ń bí mi sí yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù, kí n lè máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìbọn òyìnbó fún yín. Ìwé ọ̀hún náà ni mo fi ń bá yín jà yìí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, òyìnbó kan gbé ìbọn ọdẹ wá sí ìsọ̀ mi ní Ọ̀yọ́. Ó ní irin rẹ̀ ń mì nínú igi, pé bí òun bá na ìbọn síbì kan, ibòmíràn ni ọta ń gbà lọ. Òótọ́ ló sọ. Irin àárín, níbi tí wọ́n ti ń ki ọta sí, ń lọ ń bọ̀ nínú igi bí eyín arúgbó. Mo tú ìṣó méjì tí a ń lọ́ wọlé nísàlẹ̀, mo gbé irin kúrò lórí igi. Awọ ni mo bá níbẹ̀. Awọ ẹtu, tí irun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ta ló tún ń fi irun sílẹ̀ lára awọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ máa ń ní irun ló ń jẹ́ kó di igi mú. Kíá ni mo mọ ìbọn náà. Ìbọn òyìnbó awọnlẹ̀ ni, èyí tí ẹ tún ṣe lọ́dún tí ẹfọ̀n kán Bàbá Àjàgbé lẹ́sẹ̀. Òyìnbó yẹn tà á kó tó padà sílùú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, bóyá ilẹ̀ ti mú yín gbàgbé. Ọyẹ́ ló mú nígbà tí òyìnbó awọnlẹ̀ náà gbé ìbọn ọ̀hún wá bá yín. Igi ti gbẹ, ó ti sún kúrò lára irin. Ẹ mú irú awọ tí ẹ máa ń wé mọ́ ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa: ẹ rẹ awọ sómi, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín irin àti igi, ẹ lọ́ ìṣó lé e, ẹ gbé e sóòrùn. Awọ gbẹ, ó le koránkorán. Inú yín dùn lọ́jọ́ náà, ẹ ń fi ìka lu orúnkún yín bí ẹ ti máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá wù yín. Ṣùgbọ́n ìta ni awọ ti ṣakabùlà máa ń wà, tí oòrùn ń pa á. Inú ni ti òyìnbó wà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, awọ mu omi, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Bàbá Àjàgbé, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, ló mú òyìnbó náà lọ sígbó Ìkòyí-Ilé. Òyìnbó yìnbọn sí ẹfọ̀n nítòsí, ó tàsé, ẹfọ̀n sì kọjú sí ọ̀rẹ́ yín. Òyìnbó ní òun kì í tàsé, àfi kó jẹ́ pé ẹni tó bá òun gbé ìbọn ló jẹ́ kó jábọ́. Bàbá Àjàgbé ní ìbọn ò kúrò léjìká àwọn. Ni ìlú bá ránṣẹ́ pè yín. Mo wà níbẹ̀. Ẹ gbé irin sẹ́nu níwájú gbogbo èèyàn, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ búra pé kò sí nǹkan tó ṣe ìbọn nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ta ni ò ní gba alágbẹ̀dẹ tó fi irin búra gbọ́? Àwọn ọdẹ yọ ọ̀rẹ́ yín lẹ́gbẹ́. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń bá àwọn ọmọ wọn ṣọdẹ.

Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún ìbọn yìí ṣe. Mo lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, ó fún mi ní pẹlẹbẹ ìrókò gbígbẹ, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa lẹ̀ ẹ́ mọ́nú igi. Mo fi dúdú ìdí ìkòkò àti epo pa irin lára, mo gbé e sínú igi, mo gbé e jáde, mo fá ibi tó bá dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe, tí ọwọ́ ń ro mí, títí igi fi dúdú káàkiri. Kò mì mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré, Bàbá! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò ní gbé ìbọn lọ bá ẹni tó ń gbẹ́ odó láéláé. Ìgbéraga yín ló kán ọ̀rẹ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹfọ̀n sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sun awọ náà kí n sì dákẹ́. Nítorí orúkọ yín ni wọ́n ṣe ń gbé ìbọn wá fún mi. Ṣùgbọ́n n ò lè sun ún. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi awọ náà han ìyá mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo máa ba orúkọ bàbá ẹ jẹ́, nígbà tí wọn ò lẹ́nu tí wọ́n lè fi wí tiwọn mọ́?”

Mo ní Bàbá Àjàgbé ṣáà lẹ́nu, ta ló gbọ́ wọn? Ìyá mi bú sẹ́kún. Mo fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn, ó sì ń dùn mí.

Lójú ọ̀nà ni mo rántí iṣu. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, ẹ máa ń ní kí n ru ún lọ sílé Bàbá Àjàgbé. Ẹ kì í tẹ̀lé mi. Mo rò pé àánú ni. Láti ọdún yẹn náà lẹ ò gba ìbọn òyìnbó kankan mọ́. Ẹ ní ojú yín ń ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ ń bá ìyá mi fi òwú sábẹ́rẹ́.

Bàbá Àjàgbé ń hun agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé ilé wọn lọ́sàn-án òní, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé awọ náà kalẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n mú un, wọ́n fọwọ́ ra irun rẹ̀. Mo ti múra fún èpè. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí.

“Lọ́jọ́ tó gbé irin sẹ́nu un, ṣé ó mọ̀?”

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ rò pé awọ yín ṣì le bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀? Àbí ẹ ti tú ìbọn wò kí ẹ tó lọ búra? Ẹ kú, ẹ ò sọ fún ẹnì kan. Mo lè ní n ò mọ̀, kí n fi gbà yín sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò rẹ́ni bá ṣọdẹ dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo ní ẹ mọ̀.

Lọ́la, èmi àti Bàbá Àjàgbé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ, n óò sì tún un sọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mo purọ́ mọ́ yín, ẹ dìde níbi tí ẹ wà, kí ẹ wá fọ́ mi létí. N óò dúró gbà á, n óò sì dì mọ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú ń bí, tí kò sì yéé fẹ́ràn yín.