Ẹ Má Wọ Mọ́tò Wá Gbọ́ Orin Sàká

Ẹ kú ilé o, Màmá Ṣínà. Ẹ kú òjò, ẹ kú àìrówó ná. Èmi Sàká Agbáyé, Ọ̀gágun Orin, ẹni tí ń kọrin tí ṣọ́jà ń gbàgbé ìbọn, ni mo kọ ìwé yìí sí yín ní Ìkọ̀lé. Mo kí Bàbá Ṣínà, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí Bọ́sẹ̀ àbúrò Ṣínà. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, torí póòsì ayé ìsinsìnyí, ìgbín yá jù ú lọ.

Ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́ àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Múfú ní Morogbo ló sọ fún mi pé ẹ ti di ẹrù, pé ẹ ń bọ̀ wá wò mí níbi ọdún orin etíkun Àgbádárìgì ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ tú ẹrù yẹn. N kò ní wá. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Àwọn tó ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Múfú ló fi ẹnu lásán dá ọdún náà sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pín olórin bí ẹni pín ẹran: ta ni yóò ṣíde, ta ni yóò kẹ́yìn. Ìjọba ṣọ́jà kò sì tíì gbà kí ẹnikẹ́ni ri ọ̀pá àtíbàbà kan mọ́ iyanrìn. Tíṣà kan wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ni nílùú Ọ̀tọ̀. Oṣù kẹrin rèé tí kò rí owó oṣù gbà, kò bínú. Ẹ ṣáà ti ní Sàká kọ́ ni yóò kẹ́yìn, omi á lé ròrò sí i lójú. Sẹ́wànù apẹja, ọmọ Ègùn láti Ìmẹ̀kẹ, sọ fún un pé ohùn Sàká dà bí ewúrẹ́ tó há sínú àwọ̀n. Tíṣà bi í pé ṣé ó ti ka ìwé rí láyé ẹ̀. Sẹ́wànù bá yí èdè padà, ó ń fi Ègùn bú u, kí onítọ̀hún má baà rí èsì fọ̀.

Ìwé tí Tíṣà ń wí ni ìwé ìtàn ayé mi. Èèpo rẹ̀ ti ya dànù, síbẹ̀ ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìfi ọṣẹ fọwọ́, níbi tí ọṣẹ ti di ohun àwátì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi ló kọ́ mi kí n máa húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé onílé, pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe kí n tó kọrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná dé, Múfú lọ tò fún epo. Ẹnì kan ki kásẹ́ẹ̀tì òfìfo bọ ẹ̀rọ, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ohùn mi sọ pé mò ń bọ̀ ní Sátidé. Tíṣà gbọ́ ikọ́, ó dìde dúró ṣánṣán. Ó ṣí ìwé, ó fìka tọ́ ọ, ó ní èèyàn lè sín ohùn jẹ, kò lè sín ikọ́ jẹ. Sẹ́wànù eléwúrẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gba àyè níwájú. Àgbààyà! Múfú ṣe àdàkọ rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù, kásẹ́ẹ̀tì náà sì dé ọ̀dọ̀ yín ní Ìkọ̀lé.

Ọmọ yín fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí lẹ́tà yín fi dé. Ojú ìwé méjì lórí Sàká. Ìlà kan péré lórí òun, tí ẹ ò tíì fojú kàn lọ́dún méjì. Ẹ̀yin náà, Màmá? Ṣọ́jà ti kéde pé ẹni tí àwọn bá bá létíkun lọ́jọ́ náà, koboko ni. Ọwọ́ wọn kì í mọ ìyá ọlọ́mọ.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó má fi ẹ̀yìn yín han ẹgba. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan ará ọgbà. Ẹ gbọ́, Sàká kò mọ̀ yín rí. Èmi ni mo kọ ìwé yìí, èmi náà ni mo húkọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Tíṣà yóò ka èyí, Múfú yóò kà á, n kò sì mọ ibi tí mo máa sùn lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sílé ní Sátidé. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, kí ẹ wá, kó jẹ́ pé èmi ni ẹ wá wò.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ṣínà.