Orúkọ Ẹni Tó Lọ Sọ́jà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Kẹ́hìndé Cornelius Awóníyì (1932–1999)

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni a ti bí Bàbá wa, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1932. Pa Ezekiel Awóníyì, àgbẹ̀ olóko kòkó, ni bàbá wọn. Màmá Sẹ̀gilọlá, ọmọ bíbí Iléṣà, ni ìyá wọn. Ọmọ Ọbọ̀kun ni wọ́n nílé lóko. Méjì ni wọ́n wá sáyé lọ́jọ́ náà. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé sì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Kí ọdún tó parí, a ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn méjèèjì, akọ̀wé ìjọ sì fi gègé kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀: Táíwò Josiah, Kẹ́hìndé Cornelius.

Ní ọdún 1938, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ibà mú Táyé lọ. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Kẹ́hìndé. A kì í sọ pé ìbejì kú, nítorí náà àwọn àgbà ilé ní Táyé lọ sọ́jà. Bàbá gbà wọ́n gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọ́n a pín àkàrà ọwọ́ wọn sí méjì, wọ́n a jẹ ìdajì, wọ́n a sì mú ìdajì yòókù lọ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọlọ́jà ń gbà bọ̀. Ó tó ọdún kan kó tó yé wọn pé irú ọjà yẹn kò ní àbọ̀. Bàbá kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi dàgbà, àkàrà kò kọjá ọ̀nà ọ̀fun wọn bí wọn kò bá kọ́kọ́ bù ú sí méjì.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà wọn jáde ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, wọ́n sì ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1952 wọ́n rìn lọ sí Òṣogbo, iléeṣẹ́ Rélùwéè sì gbà wọ́n sídìí wáyà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi ìka kan tẹ ìròyìn ránṣẹ́ láti stéṣọ̀n dé stéṣọ̀n, kí ọkọ̀ ojú irin méjì má baà pàdé lójú ọ̀nà kan. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ wọn ni pé orúkọ tàbí nọ́ńbà tí a bá gbàgbé láti kọ sílẹ̀ lè di àwátì fún gbogbo ayé.

Ní ọdún 1958 ni wọ́n gbé Omidan Julianah Ògúnjìnmí níyàwó, agbẹ̀bí tó gba ìwé ẹ̀rí, ọmọ Ọ̀tan-Ilé. Rédíò ilé ìgbẹ̀bí tó bàjẹ́, tí Bàbá wá tún ṣe, ló mú wọn pàdé. Màmá ní títí di òní, òun gbà pé rédíò náà bàjẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò dá òun lójú. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, Elisha ni àkọ́bí.

Onígbàgbọ́ ni Bàbá, kì í ṣe ti ojú ayé. Wọ́n jẹ́ olórí kíláàsì nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Òṣogbo fún ọdún mọ́kànlélógún, àwọn náà ni wọ́n ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ ṣe láìgba kọ́bọ̀. Bí ìwàásù bá ti ń gùn jù, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tú wáyà kan. Wọ́n a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn kò sì tú u rí.

Màmá Sẹ̀gilọlá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1984. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n ní, “Kẹ́hìndé, Táyé kò ní fọ́tò. Kò ní sàréè tí mo lè fi hàn ọ́, ilé ti bo ibẹ̀. Inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù sí láyé yìí. Má jẹ́ kó parẹ́ níbẹ̀.” Bàbá ṣèlérí. Ìlérí yìí ló darí ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ayé wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1987, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ọ̀nà Stéṣọ̀n, wọ́n ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọdún 1991 ni Òṣogbo di olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọ́fíìsì. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Bàbá nígbà náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, wọ́n ra ìwé, wọ́n sì kọ́ ọ.

Ní ọdún 1995, ọ̀rẹ́ wọn láti Rélùwéè, Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mú Ṣàngódèyí, tó wá ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ọ́fíìsì kan l'Ékòó, gbé àgbá irin kan wá fún wọn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, ó ga tó tábìlì, àwọn ará ọ́fíìsì náà sì fẹ́ kó o dànù. Ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ ni pé pùrósẹ́sọ̀, èyí tí a lè pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ méjì nínú rẹ̀, nígbà tí ẹyọ kan péré wà nínú àwọn yòókù. Òyìnbó kọ ení sí ẹ̀gbẹ́ ihò kan tí a ń ki ọpọlọ bọ̀, ó kọ èjì sí èkejì. Bí ọ̀kan nínú ihò méjèèjì bá sì ṣófo, ẹ̀rọ náà kò ní jí rárá. Bàbá wò ó títí. Wọ́n mú ọ̀dà funfun, wọ́n kọ Táyé sí ẹ̀gbẹ́ ihò kìn-ín-ní, wọ́n kọ Kẹ́hìndé sí ẹ̀gbẹ́ ihò kejì.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi tò ó. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ọdún pípẹ́, wọ́n fi írésà àwọn ọmọ iléèwé nu eyín irin tí iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó okùn tó já, wọ́n sì yọ fáànù lára ẹ̀rọ mìíràn fún un. Wọ́n a lóṣòó tì í láàárọ̀ bí òṣómàáló, tí Màmá á fi ní bí ẹ̀rọ náà bá lẹ́sẹ̀ ni, ì bá ti sá. Nígbà tó jí, Bàbá lọ sí ìjọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún wọn, wọ́n tọrọ ìwé ńlá náà. Ikán ti jẹ etí rẹ̀.

Láti oṣù kẹta ọdún 1996 di oṣù kejì ọdún 1997 ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Olúwatómisìn, ọmọ wọn obìnrin tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè nígbà náà, a máa kà á sókè bó bá gba ìsinmi, Bàbá a sì máa fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ wáyà. Orúkọ ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún ni: ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi, ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n dá ìwé padà. Wọn kò tíì tẹ ohunkóhun sórí pépà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ to ìdílé kọ̀ọ̀kan pọ̀. Àṣìṣe wọn nìyẹn, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń sọ ọ́.

Ní oṣù karùn-ún, ìjì ṣí òrùlé yàrá tí ìwé náà wà, òjò sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àrá sán l'Óṣogbo, iná sì gba inú wáyà wọ kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ kan jóná. Ibi tí àwọn orúkọ náà pamọ́ sí kò bá ẹ̀rọ mìíràn mu ní gbogbo ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Táyé tún bọ́ sọ́wọ́ ìparun lẹ́ẹ̀kejì. A rí Bàbá wa tí wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, a kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí wá gbogbo ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó, kó tó rí ọpọlọ kan fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1998. Bàbá yí méjèèjì wò. Ẹ̀yìn èyí tó yè fi hàn pé ọdún 1989 ni wọ́n ṣe é. Tuntun náà, ọdún 1992. Ó yé wọn pé bí ọjọ́ orí ọpọlọ méjì kò bá dọ́gba, àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí, kó sì jí àbúrò. Wọ́n fi àgbà sí ihò Kẹ́hìndé, wọ́n fi àbúrò sí ihò Táyé. Ẹ̀rọ kò jí. Wọ́n tú u, wọ́n tún un tò, kò jí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá wọn jà gbóná sí i. Dókítà ní kí wọ́n sinmi, wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù kẹfà, Màmá gbé ògì àti àkàrà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wo inú ẹ̀rọ, wọ́n ka ohun tí Bàbá fi ọ̀dà kọ, wọ́n ní, “Baba Elisha, èwo lẹ̀gbọ́n nínú wọn?” Bàbá fi ihò kejì hàn wọ́n. Màmá ní, “Òyìnbó tó kọ́ wa níṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń pè lẹ́gbọ́n. Tí a bá ní Kẹ́hìndé ni, ẹ̀rín ló ń rín wa. Ṣé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí kì í ṣe òyìnbó ni?”

Bàbá gbé àwo àkàrà sílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ọpọlọ méjèèjì, wọ́n fi àgbà sí ihò kìn-ín-ní. Fáànù kọ́kọ́ yí. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀rọ tàn, ó ka ení, ó ka èjì. Gbogbo orúkọ ló wà níbẹ̀, kò sí ìkan tó dín. Bàbá ní, “Julianah, èmi ni mo ń dì í lọ́wọ́ láti oṣù kẹta.” Màmá ní kí wọ́n jẹun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí pépà ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìjọ, ọ̀kan fún ìlú, ọ̀kan fún ilé. Àwọn ènìyàn láti Ọ̀tan-Ilé àti Iléṣà ti wá wo orúkọ àwọn òbí wọn níbẹ̀, àwọn kan sì kúnlẹ̀ ṣọpẹ́. Lórí ìlà Táyé, àyè ìkẹyìn, níbi tí a ń kọ ọjọ́ ìsìnkú sí, ṣófo. Bó ṣe wà nínú ìwé àtijọ́ náà nìyẹn, nítorí kò sí ará ilé tó jẹ́ lọ sọ fún akọ̀wé pé ìbejì kú. Tómisìn béèrè bóyá kí òun kọ ọdún 1938 síbẹ̀. Bàbá ní, “Fi í sílẹ̀. Ọjà ló lọ.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 1999, Bàbá wa sùn, wọn kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n. Ó dùn wá, a kò ní purọ́. A rò pé wọ́n ṣì ní ọjọ́ púpọ̀.

Wọ́n fi aya rere sáyé lọ, Màmá Julianah Awóníyì. Àwọn ọmọ, Elisha, Ìwàlẹwà àti Olúwatómisìn. Àti ọmọ-ọmọ márùn-ún tí Ìníolúwa jẹ́ àgbà fún. Ọ̀rẹ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí, ti di ẹbí wa.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ikú Bàbá, Tómisìn tan kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀gbọ́n jí, ó jí àbúrò. Ó wá ìlà Kẹ́hìndé Cornelius kàn, ó sì kọ ọjọ́ òní, tí a ó gbé wọn wọlẹ̀, sí àyè ìkẹyìn. Lórí ìlà òkè, kò kọ nǹkan kan.

Bàbá wa, ẹ ti mú ìlérí ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ìdajì àkàrà, ẹ dìde, ẹ máa lọ pàdé àbúrò yín. Kí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rọ̀ yín lọ́rùn, kí Olúwa tẹ́ ẹní fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bá wa kí Táyé. Ó dàárọ̀ o.