Ìyá Àgbà Kúnlẹ̀ fún Kásẹ́ẹ̀tì

Dámisí,

Má tíì jẹun o. Ìyá àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ ní yàrá.

Dókítà wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí wọ́n má fi orúnkún tó ń dùn wọ́n wọ mọ́tò mọ́, kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe wọ́n sínú kásẹ́ẹ̀tì, ká fi rán dẹ́rẹ́bà. Ìyá ní àwọn ò lè nàró kí dókítà. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n kí i tìyàwó tọmọ títí ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Wọn ò dárúkọ orúnkún rárá. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi tí dókítà bá dáhùn.

Mo ṣe ohùn ọkùnrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n bú mi. Ohùn tìrẹ nípọn. Dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, sọ bíi dókítà pé, "Ẹ dìde, Ìyá." Má kí wọn o! Ojú kejì nìkan ló kù fún orúnkún.

Mo ti lọ ra bátìrì rédíò lọ́jà Akẹ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Rúùtù