Ikọ́ Ò Gbọdọ̀ Wọlé Yìí

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù
A ti délé láti ọsibítù. Ọmọ mi, Ìyá Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń fi ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé lára tèmi fi sí i nínú pàṣẹ kiri ilé. Dókítà ní oògùn tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ ẹ̀dọ̀ náà kì í jẹ́ kó lè bá àìsàn jà. Ọ̀fìnkìn tó jẹ́ eré lára ọmọ ẹlòmíì lè da tiwa dùbúlẹ̀. Ó yá. Èmi ni ọlọ́pàá.

Ọjọ́rú, 5
Ṣọ́ọ̀bù. Mo gẹ irun oníbàárà kan dé ìdajì orí — ló bá wúkọ́. Mo tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ó ní irun ló bọ́ sí òun lọ́fun. Mo ní kó gbé ìdajì tó kù fún onígbàjámọ̀ mìíràn. Ó bú mi dé títì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ìyá ìyàwó mi wá kí ọmọ. Mo dá wọn dúró lẹ́nu géètì: ṣé imú yín ò dí? Ṣé ọ̀fun ò yún yín? Wọ́n ní ṣé àwọn jalè ni. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti kí ọmọ. Ìjọba — ìyàwó mi nìyẹn — ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo sín.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìjọba gbé ìrọ̀rí mi síta, ó ti ilẹ̀kùn. Orí àga ìgẹrun ní ṣọ́ọ̀bù ni mo sùn, ọrùn mi ti wọ́. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọmọ ń wúkọ́. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọsibítù. Wọ́n yẹ imú rẹ̀ wò: fáírọ́ọ̀sì ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i. Èmi wà lẹ́yìn gíláàsì. Ṣé èmi ni mo kó o ràn án? Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Wọ́n dín oògùn ẹ̀dọ̀ kù, kí ara rẹ̀ lè jà. Bí wọ́n bá dín in jù, ara lè kọ ẹ̀dọ̀. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Wọ́n ti yọ ọ́síjìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé: kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀dọ̀. Ọ̀fìnkìn tèmi náà ti lọ, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ni mo bá ń fọ́nnu fún nọ́ọ̀sì — ẹ̀dọ̀ mi kì í ṣe yẹpẹrẹ, irin ni ẹ̀dọ̀ mi. Ìyá Kékeré lajú. Ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ní, "Tèmi ni."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo sunkún bí ọmọdé.