Bíríkì Wa Kò Sán Mọ́

Ọmọ mi àtàtà, ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń mí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ tí o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wa lórí fóònù, pé ibi tó lọ sílẹ̀ jù lò ń wá kiri, tí kò sì sí ìdagẹ̀rẹ̀ tí yóò júwe ọ̀nà fún ọ, ìyá rẹ ò lè jẹun. Ó ní ọmọ ẹlòmíràn ń wá òkè, tiwa ń wá ìsàlẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, àmọ́ ó ya èmi náà lẹ́nu pé iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ò rówó ra ìdagẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, ìdagẹ̀rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa títí dé odò. Kí ọ̀gá yín rán ọkọ̀ akẹ́rù wá, ọ̀fẹ́ ni.

Bíríkì wa ló ń sán nínú ààrò. Bíríkílà tó ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ní bí èyí tó kàn bá tún sán, òun á lọ rà níbòmíràn. Ni mo bá rántí ohun tí o ní ẹ máa ń ṣe níbi tí kò bá sí ìdagẹ̀rẹ̀: ẹ ó dán mẹ́ta wò, ẹ ó sì sá fún èyí tó burú jù. Mo po amọ̀ lọ́nà mẹ́ta, omi àti yanrìn wọn ò dọ́gba, mo sun wọ́n. Èyí tó sán jù, mo kẹ̀yìn sí i, mo gba àárín ìwọ̀n omi àti yanrìn àwọn méjì tó sàn kọjá sí òdìkejì, mo po òmíràn níbẹ̀. Bí mo bá rìn jìnnà jù tó tún burú, màá sún padà sọ́dọ̀ èyí tó dára jù. Bàbá rẹ kékeré ní mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pe ọmọ mi ní ọ̀gá nìyẹn.

Nígbà tí a ṣí ààrò lẹ́ẹ̀kẹyìn, ìyá rẹ mú bíríkì méjì, ó kàn wọ́n mọ́ra, wọ́n dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́. Bíríkílà yẹ̀ wọ́n wò títí, kò rí àbùkù kankan, ó kó gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ wá bú sẹ́kún, ó ní, “Àṣé ibi tí àdánù ti kéré jù lọmọ wa ń pè ní ìsàlẹ̀! Kí ló dé tí kò tètè sọ?” Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó yà sílé wa tí kò gbọ́ ọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra tapólì tí a ó fi bo bíríkì, òjò ti ń ṣú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣìnà, ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere.

Èmi ni bàbá rẹ, bàbá ọmọ tó mọ̀wé tó tún mọ amọ̀.