Epo Nínú Bóhóòlù Mọ́ṣáláṣí

Àbámẹ́ta, 1 Fẹ́búárì 2025

Ìbafọ̀. Iná ò sí, ooru ń mú, inú mi sì ń dùn. Bàbá Mùíbì pè mí láti Ifọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, Alhaji làwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi àti Nusaybah tá a jọ ń gbé yàrá ti sọ wọ́n ní Ààrẹ, torí kò sí ohun tí wọn kì í pàṣẹ lé lórí. Wọ́n ní àdúgbò àwọn fẹ́ gbẹ́ bóhóòlù sínú ọgbà mọ́ṣáláṣí kí ààwẹ̀ tó dé. Ṣé mo ṣì ń wá òkúta dúdú mi?

Ṣé mo ṣì ń wá a! Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ gọ́tà káàkiri Ifọ̀ bíi wèrè. Èyí tó wà lókè, òjò àti oòrùn ti bà á jẹ́. Tútù ni mo nílò, láti ìsàlẹ̀. Láìsí i, kò sí oyè másításì tí mò ń kà ní yunifásítì.

Àìkú, 2 Fẹ́búárì

Nusaybah ní kí n tún ṣàlàyé fún òun ohun tí mò ń fi òkúta amọ̀ dúdú yìí ṣe. Mo ní òkun ni gbogbo ibí yìí láyé ọjọ́un. Ẹrẹ̀ ń rọra balẹ̀ sísàlẹ̀ omi, òkú àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké wà nínú ẹ̀ — ó pọ̀, ó dì, ó di òkúta. Tó bá wọlẹ̀ jìn tó, ooru ilẹ̀ á sè é, àwọn òkú yẹn á di epo. Tẹ́lẹ̀, inú iyanrìn tí epo náà sá lọ ni wọ́n máa ń wá a. Nísinsìnyí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ òkúta amọ̀ náà gan-an kó lè pọ èyí tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀ jáde. Ìbéèrè tèmi ò ju méjì lọ. Ṣé òkú yẹn pọ̀ tó nínú tiwa? Ṣé ó jinná?

Ó ní, "Ẹ̀wà lò ń tọ́ wò nígbà yẹn."

Mo ju ìrọ̀rí lù ú.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Ọjọ́ ńlá! Ifọ̀ láti àárọ̀. Sàhéèdì ló ń gbẹ́ ẹ, ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Iyanrìn kọ́kọ́ jáde, amọ̀ pupa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí eérú, ó ń dúdú bọ̀. Òkúta mi! Mò ń kó o sínú ọ̀rá, mò ń kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹrẹ̀ dé etí mi.

Lọ́sàn-án, páìpù há sínú ilẹ̀. Ìyá Fàúsátù, ìyàwó Ààrẹ, pè mí wọlé. Mo jẹ ẹ̀bà, mo kírun, mo jáde. Ẹ̀rọ ti tún ń ṣiṣẹ́.

Òórùn epo! Òkúta tó ń jáde ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo gbé e símú — epo ni. Mo figbe ta: "Epo rèé o! Epo!" Kí n tó pa ẹnu dé, àdúgbò ti kún. Ààrẹ sáré dé. Ààrẹ tí kì í sáré! Wọ́n ní kí Sàhéèdì paná ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan kì í wá omi lórí epo rọ̀bì.

Sàhéèdì la ẹnu, ó tún pa á dé.

Jímọ̀, 7 Fẹ́búárì

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn. Mi ò fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ajé, 10 Fẹ́búárì

Mo kó ọ̀rá lọ bá Màmá Sùúrù. (Dókítà Morádéyọ̀ tó ń darí iṣẹ́ mi. "Sùúrù" ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀.) Àwọn náà gbóòórùn ẹ̀. Mo rí ẹ̀rín díẹ̀ — ẹ̀rín! Wọ́n ní tí láàbù bá sọ ohun tí imú wa ń sọ, àwa méjèèjì á jọ lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lóṣù Épírì, èmi ni màá sọ̀rọ̀. Mo ti ń ronú aṣọ tí màá wọ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Sùúrù ṣá o, Toyyibah."

Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì

Ifọ̀. Ààrẹ ti fi páànù yí ihò náà ká. Àgádágodo wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn wọn. Patákó pẹ̀lú: ILẸ̀ EPO. MÁ ṢE TỌ̀ SÍBÍ. Ìròyìn ti dé Òkè-Àrọ̀. Ààrẹ ti yan ibi tí iléeṣẹ́ epo máa gbé ọ̀nà ọ̀dà gbà, ó sì kọjá lẹ́nu géètì wọn gan-an. Wọ́n wá ń pè mí ní "Ẹnjiníà wa". Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́.

Ìyá Fàúsátù ń ti bárò tó kún fún kẹ́ẹ̀gì bọ̀ láti òdìkejì rélùwéè. Kànga àdúgbò ti gbẹ. Látilé làwọn èèyàn ń bu omi àlùwàlá sínú kẹ́tù wá sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n dúró, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Toyyibah, epo yín yìí, ṣé a lè mu ún? Ààwẹ̀ ti dé tán o."

Mo ní kí wọ́n mú sùúrù. Ẹ wo ẹnu tí mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Èsì láàbù dé! Òkú ohun abẹ̀mí pọ̀ nínú ẹ̀. Epo náà pọ̀, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo fò sókè, Nusaybah náà fò, kò mọ ohun tó ń fò fún.

Ìrọ̀lẹ́. Màmá Sùúrù fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù: "Òkúta yìí ò jinná rárá. Níbo ló ti rí epo?"

Mo padà lọ wo èsì. Òótọ́ ni. Ooru ò tó nǹkan kan lára ẹ̀. Èyí tó burú jù — àwọn ọ̀rá tí mo dì kí n tó lọ jẹ ẹ̀bà, kò sí epo nínú wọn. Ti ẹ̀yìn ẹ̀bà, epo. Òkúta kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Lánlọ́ọ̀dù ń rọ dísẹ́ẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ yìí, ó dà sílẹ̀. Mo ń kọjá lọ. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra ẹ̀. Òórùn ọwọ́ mi ni. Òun gan-an, kò yàtọ̀.

Mo pe Sàhéèdì. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Páìpù ló há, àǹtí. Mo da dísẹ́ẹ̀lì sí i kó lè yọ̀. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ló dé tí kò sọ? "Ẹ̀yin lẹ ní epo ni, Alhaji ní epo ni. Mo rò pé ẹ rí tiyín lábẹ́ tèmi ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá ẹ̀rín tán, omi ò tán. Èmi ni mo pariwo. Èmi ni mo ti omi mọ́ àwọn ará Ifọ̀ lójú. Ìpàdé Épírì ti lọ nìyẹn.

Nusaybah ní kí n dákẹ́, ó máa sú Ààrẹ. Ó máa sú wọn lóòótọ́, bóyá lẹ́yìn Iléyá! Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan.

Jímọ̀, 21 Fẹ́búárì

Mo sọ ọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, lójú gbogbo àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀: páìpù, dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀bà. Mo ní èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe Sàhéèdì. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ààrẹ di kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn mú. Wọ́n ní láàbù lè ṣàṣìṣe. Wọ́n ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á dúró, ó dìgbà tó bá dìgbà.

Ìyá Fàúsátù gbé kẹ́tù òfìfo wá, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ wọn, jẹ́jẹ́. "Alhaji. Ìrun Àsárì máa tó. Ẹ bu epo yín, ẹ fi ṣe àlùwàlá ká wò ó."

Ààrẹ bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn. Wọn ò gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n dìde.

Ajé, 24 Fẹ́búárì

Ihò tuntun, lápá kejì ọgbà. A ti dí ti àkọ́kọ́ pa, torí dísẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀. Mo gba kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ Sàhéèdì, mo jókòó lé e. Ààrẹ ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Páìpù tún há. Nínú òkúta dúdú náà ni, ó ń wú, ó ń di páìpù mú. Sàhéèdì wo kẹ́ẹ̀gì tí mo jókòó lé. Èmi náà wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sínú ihò, ó ń yí páìpù náà díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Ó jáde! Ọ̀rá mi kún. Kò rùn rárá. Òkúta lásán.

Ọjọ́bọ̀, 27 Fẹ́búárì

Màmá Sùúrù ní òkúta tó ní gbogbo nǹkan àyàfi ooru, iṣẹ́ gidi nìyẹn náà. Kí n yí àkọlé iṣẹ́ mi padà. Wọn ò tiẹ̀ sọ sùúrù.

Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì

Omi!

Ó kọ́kọ́ jáde bí ẹrẹ̀, ó funfun bíi wàrà, ó wá mọ́. Àwọn obìnrin ti to kẹ́ẹ̀gì dé títì. Sàhéèdì ń jó nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní oṣù ti yọ, ààwẹ̀ di ọ̀la.

Gbogbo èèyàn ní kí Ààrẹ kọ́kọ́ bù ú. Wọ́n wá, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n wá bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ láti fi yọ ẹnu. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu, wọ́n gbé e dé imú ná. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi omi.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. "Alhamdulillahi," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń kí èèyàn kú àdánù. Wọ́n yọ ẹnu. Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Wá bu tìẹ, Ẹnjiníà."